Wọ́n fò mí síwájú, ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé-ẹ̀kọ́ tó máa fo ọmọ yín síwájú kọjá kíláàsì ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Akúrẹ́ yìí, kí ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Praímárì 4 ni mo wà tí wọ́n ṣe ìdánwò fún wa, tí wọ́n sì ṣa àwa mẹ́sàn-án sí kíláàsì àkànṣe. JSS 1 ni wọ́n gbé wa lọ tààrà, ọdún méjì la sì fi ṣe iṣẹ́ ọdún mẹ́ta. Màmá mi, tó ń ta ata lọ́jà Ọba, ròyìn mi títí àwọn oníbàárà rẹ̀ fi ń pè mí ní Pùròfẹ́sọ̀. Inú mi dùn o, mi ò ní parọ́.

Praímárì 6 ni ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́dún yẹn. A jọ wọ JSS 1 lọ́jọ́ kan náà ni, òun ní kíláàsì tí gbogbo èèyàn wà, èmi ní ti àwọn ọlọ́pọlọ. Nígbà tí yóò fi dé JSS 3, mo ti wà ní SS 1. Nílé, Bùọ̀dá ni mò ń pè é. Nílé-ẹ̀kọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní kó kí síníọ̀ rẹ̀, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ó kọ́kọ́ ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò bá mi wọ kẹ̀kẹ́ kan náà mọ́.

Bẹ́ẹ̀ òun ló kọ́ mi ní pasẹ́ńtì! Inú ọdún méjì tí mo fò ni wọ́n ti kọ́ àwọn tó kù ní pasẹ́ńtì, tíṣà wa sì rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tí gbogbo ọjà ń pè ní Pùròfẹ́sọ̀, báwo ló ṣe fẹ́ nawọ́ pé kò yé òun? Lálẹ́, tí wọ́n bá ti mú iná lọ, Bùọ̀dá á tan tọ́ọ̀ṣì fóònù Màmá sójú ìwé: "Tí Màmá bá ra ata ₦2,000, tó jèrè ₦500 lórí ẹ̀, mélòó nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn?" Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún òun.

Eré tí a sá yẹn, ẹnu géètì ló parí sí. Mo jáde SS 3 ní 2025, ó ku díẹ̀ kí n pé ọdún 15. Ọmọ ọdún 16 ni fásitì ń gbà. JAMB ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ fún àwa tí ọjọ́ orí wa ò tó: kí ọmọ gba 320 nínú 400, kó sì tún yege níbòmíì. 287 ni mo gbà. Ìdí ata ni mo bá lọ jókòó.

Mi ò ní kí wọ́n má fo ọmọ. Praímárì 4 sú mi. Mo máa ń ṣe tán kí tíṣà tó kọ iṣẹ́ sójú pátákó tán, màá wá máa yọ ìjókòó mi lẹ́nu. Ìjọba àpapọ̀ náà mọ̀ pé irú wa wà, wọ́n ní akádẹ́mì kan fún irú wa ní Suleja, lẹ́bàá Abuja, àmọ́ Suleja jìn sí Akúrẹ́. Máàkì nìkan tí ilé-ẹ̀kọ́ wa wò ló ń bí mi nínú. Wọn ò wo ohun tí a fò. Wọn ò pe ẹ̀gbọ́n mi jókòó bá a sọ̀rọ̀, Màmá náà ò pè é.

Bùọ̀dá ti wà ní SS 3 báyìí. Àwa méjèèjì la jọ ń kàwé JAMB lórí tábìlì kan, FUTA la sì jọ fẹ́ wọ̀. Lánàá ó ní, "Síníọ̀, ẹ bá mi pọn omi wá."

Mo dìde, mo lọ pọn ọ́n.