Iná Tó Lágbára Ni Kí Ẹ Fi Dán Wáyà Earth Wò

Wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò tó wà nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, fìríìjì àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ oníirin mìíràn lè wà níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ láìríṣẹ́ ṣe. Ọjọ́ tí wáyà tó gbé iná bá bó nínú ẹ̀rọ, tó sì kan irin ara rẹ̀, ni iṣẹ́ dé. Wáyà earth yìí ló gbọ́dọ̀ gba iná náà lọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí fíùsì lè jó. Bí kò bá dì mọ́ irin dáadáa, fíùsì lè má jó, ẹ̀rọ á máa ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, ẹni tó bá sì fọwọ́ kàn án ni iná yóò gba ara rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyí tí a kò fi lè dákẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni tó ń ṣe ẹ̀rọ jáde bá fọwọ́ yẹpẹrẹ mú àyẹ̀wò rẹ̀.

Mítà ọwọ́ kò tó fún iṣẹ́ yìí. Àwọn kan tó ń ṣe ẹ̀rọ á fi ẹnu rẹ̀ kan kan ẹnu earth pulọ́ọ̀gì, wọ́n á fi èkejì kan irin, bó bá ti dún, wọ́n á ní ẹ̀rọ ti yege. Iná táṣẹ́rẹ́ ni mítà yẹn ń rán jáde. Bó ṣe fọ́nrán kan péré ni kò tíì já nínú wáyà náà, mítà á ṣì dún, ṣùgbọ́n iná ńlá ọjọ́ ewu lè jó fọ́nrán yẹn dànù kí fíùsì tó já. Afárá tí ọmọdé rìn kọjá kò tíì jẹ́rìí pé òun lè gbé ọkọ̀ akẹ́rù.

Ìlànà sì ti wà nílẹ̀. IEC, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà lórí ohun èlò iná mànàmáná, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1906, ti kọ ọ́ sínú IEC 60335 fún àwọn ẹ̀rọ inú ilé pé kí wọ́n rán iná tó tó 25 ampere, ó kéré tán, gba ọ̀nà earth náà kọjá, láti orísun tí kò ju 12 volt lọ, kí ìdènà tí iná ń bá pàdé láàárín ẹnu earth àti irin má sì ju 0.1 ohm lọ. Ẹ̀rọ onídàábòbò méjì, tí wọ́n fi ìpele ààbò méjì bo ibi tí iná wà, èyí tó ní àmì igun mẹ́rin méjì tó wà nínú ara wọn, kò nílò wáyà earth.

Àyẹ̀wò ẹ̀rọ kan tí wọ́n mú gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ kò lè dúró fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó kù. Níbi iṣẹ́ ni àléébù yìí ti ń wọlé: ọ̀dà tí wọn kò họ kúrò lábẹ́ ìdè (síkúrù) wáyà earth, ìdè tí ẹnì kan kò yí le, wọ́ṣà tí wọ́n gbàgbé. Èyí tó wà lára ẹ̀rọ tòní lè má sí lára tàná. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí wọ́n dán wò kó tó jáde.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ lè ní yóò fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni lórí ẹ̀rọ kan, ìlànà sì gbà wọ́n láyè láti lo 10 ampere fún àyẹ̀wò ojoojúmọ́ nílé iṣẹ́. Kí àwọn aláṣẹ béèrè àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò yìí pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì dá ọjà tí kò bá ní in padà fún ẹni tó ṣe é.