Oògùn SS ti jáde, kò tíì dé Iléṣà

Bí wọ́n bá ti dárúkọ ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun báyìí, AI àti róbọ́ọ̀tì ni gbogbo ẹnu ń dà sí. Kò burú. CRISPR ni tèmi, ohun èlò tí wọ́n fi ń gé jíìnì (àbùdá tí a jogún lára òbí) inú ara ènìyàn láti tún un ṣe. Emmanuelle Charpentier àti Jennifer Doudna gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ lọ́dún 2020. Nígbà tó di November 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwòsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe, Casgevy. Amẹ́ríkà tẹ̀lé e ní December. Fòníkú-fọ̀ladìde wà lára àrùn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. SS tiwa yìí gan-an.

Ẹni tí kò bá bá ọmọ SS gbélé rí kò lè mọ̀ ọ́n. Ní Iléṣà níbí, bí ọmọ bá figbe ta lóru pé "egungun mi o", gbogbo agboolé ló ń jí. Wọ́n á gbé omi kaná, wọ́n á máa fi aṣọ ìnura jó o lẹ́sẹ̀, bàbá á ti bọ́ síta lọ wá ọ̀kadà. Tílẹ̀ bá mọ́, àgbà kan á ṣì rọra sọ pé àbíkú ni.

Ọmọ SS kì í sábà ṣàìsàn ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, torí èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó gbé wá látinú oyún ṣì wà lára rẹ̀, èyí kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Tó bá yá, jíìnì kan tó ń jẹ́ BCL11A á dá èròjà yẹn dúró. Casgevy ló ń gé agbára jíìnì náà. Wọ́n á gba sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n á tún un ṣe ní yàrá ìwádìí, wọ́n á fi oògùn líle pa ti tẹ́lẹ̀ inú mùdùnmúdùn eegun rẹ̀, kí wọ́n tó dá tuntun padà. (Ó ṣì lè bí ọmọ SS o, torí ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n tún ṣe. Ẹ má jáwọ́ nínú àyẹ̀wò kí ẹ tó ṣègbéyàwó.)

Iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà? Mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnìkan. Àwa Ìjẹ̀ṣà la ni òṣómàáló, ṣùgbọ́n ta ni yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ irú gbèsè yẹn? Bẹ́ẹ̀ Nàìjíríà ni SS pọ̀ sí jù lágbàáyé.

Ìdí rèé tí ọkàn mi fi ń lọ sí káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, David Morley, dókítà ọsibítù Wesley Guild ti Iléṣà, ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n á wọn ọmọ, wọ́n á fi àmì ìwúwo rẹ̀ sí káàdì, wọ́n á fa ìlà so àwọn àmì náà pọ̀, ìyá á gbé káàdì lọlé. Bí ìlà náà kò bá gòkè mọ́, nọ́ọ̀sì ti rí i kí ọmọ tó rù kan eegun. Páálí lásán! Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì gbà á lò.

Ìwòsàn jíìnì tí màá pàtẹ́wọ́ fún ni èyí tó lè dé Ìmẹ̀sí. Àwọn onímọ̀ ti ń wá ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ fi lè ṣe iṣẹ́ yìí nínú ara láìyọ sẹ́ẹ̀lì kankan jáde. Èyí ni kí owó ìwádìí máa lọ sí, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn onímọ̀ wa tó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀ lọ́wọ́ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kó tó dé, oògùn hydroxyurea ti wà nílẹ̀. Oníhóró ni, ó sì ń mú èròjà inú oyún yẹn pọ̀ sí i. Ìyá ọmọ SS mélòó ló ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lọ́jà Àtakúmọ̀sà? Kí ìjọba bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ tuntun wò kó tó di ọjọ́ ìkómọ.