Ìdánrawò Ni Kí Wọ́n Náwó Lé, Kì í Ṣe Páréèdì

Bí Àmọ̀tẹ́kùn bá ti gba ọmọ tuntun ní Àkúrẹ́, ohun kan náà là ń rí: bàtà dídán, ọkọ̀ tuntun tí wọ́n tò sínú oòrùn, ọ̀gá tó ń ki àwọn ọmọ náà kú oríire. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí ìpè bá dé láti Ọ̀wọ̀ lóru, ta ni yóò sọ fún àwọn ṣójà Brigade 32 tó wà ní Àkúrẹ́ pé Àmọ̀tẹ́kùn ló ń ti inú igbó bọ̀, kì í ṣe ọ̀tá?

A fẹ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Òǹdó ṣètò ìdánrawò bí ogun gan-an, lọ́dọọdún, tí ológun, ọlọ́pàá, Àmọ̀tẹ́kùn àti nọ́ọ̀sì yóò jọ ṣe. Lóòótọ́, ìjọba àpapọ̀ ló ni ológun, gómìnà kò lè pàṣẹ fún wọn. Ó lè kọ lẹ́tà sí wọn.

Kì í ṣe ẹ̀rọ olówó gọbọi là ń wí. Ní 1824, máàpù ni àwọn ọ̀gágun Prussia, ìjọba kan nílẹ̀ Jámánì àtijọ́, ń tẹ́ sórí tábìlì, wọ́n ń ju dáìsì bí ẹni ń ta lúdò, wọ́n sì fi ń kọ́ ogun. Iyanrìn odò Alà tó wa. Kí wọ́n fi òkúta ṣe ilé, kí wọ́n fi okùn ṣe títì, kí wọ́n wá tún ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022 tò, ọjọ́ tí wọ́n pa nǹkan bí 40 ènìyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀. Ìṣẹ́jú kìn-ín-ní: ta ló kọ́kọ́ gbọ́? Ìṣẹ́jú karùn-ún: ọ̀nà wo ni wọ́n dí?

Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n bọ́ sí pápá. (Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún ará àdúgbò o, ìró ìbọn kì í ṣe eré létí ará Ọ̀wọ̀.)

Ibi tó le jù ni ìjókòó ẹ̀yìn ìdánrawò. Ní Fort Irwin, ibùdó ìdánrawò àwọn ṣójà ní Amẹ́ríkà, lésà, ìmọ́lẹ̀ tó rọ́pò ọta, ni wọ́n so mọ́ ìbọn, tó bá bà ọ́, ẹ̀rọ ara rẹ á ké. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti ṣe tán, tọ̀gá-tọmọ ló ń jókòó sọ ohun tó kùnà. Lọ́dọ̀ tiwa, ta ló tó bẹ́ẹ̀? Ọmọ tó gbé wọkitọ́kì gbọ́dọ̀ lè wí pé, “Ẹ má bínú sà, ẹ ò dárúkọ oríta fún wa, ọ̀nà oko la yà sí,” kí wọ́n má sì torí ẹ̀ gbé e lọ sí ibùdó tó jìnnà lọ́sẹ̀ kejì. Kí òfin ìdánrawò náà dáàbò bo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀, kí ètò ìṣúná tó ń bọ̀ tó kúrò ní Alágbàka, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà.