Beethoven ò sọ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ ṣe sikéèlì yín

Ẹ̀yin ará, ó ti sú mi. Lánàá, ẹnì kan gbé fídíò ọmọbìnrin kan sórí WhatsApp àwa tí à ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ náà ń tẹ sònátà kan (orin gígùn fún píánò) tí Beethoven, àgbà olórin ilẹ̀ Germany ayé àtijọ́, kọ, ọwọ́ ẹ̀ ń já gaara, kò ṣi ẹyọ kan tẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, ẹ̀gbọ́n wa kan dé, wọ́n ní: "Ọmọ yìí gbìyànjú o, àmọ́ ọwọ́ lásán ni, kò sí ẹ̀mí níbẹ̀. Ṣebí Beethoven fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́, pé kéèyàn ṣi nóòtì tẹ̀ kì í ṣe nǹkan bàbàrà, àmọ́ kéèyàn tẹ̀ ẹ́ láì fi ọkàn sí i, kò ní àforíjìn." Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo ilé ti ń pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń fi iná ránṣẹ́, àwọn kan ń fi ọkàn pupa ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n yìí kan náà rèé o, ó ti tó bí ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ fún wa, orin tó bá ti ní flat (àmì tó ń rẹ nóòtì sílẹ̀) tó ju ẹyọ kan lọ, bọ́tìnnì transpose, tó máa ń bá èèyàn gbé ohùn orin sókè tàbí sílẹ̀, ni wọ́n máa ń sá lọ bá kí wọ́n lè máa jókòó jẹ́jẹ́ lórí C tí kò ní flat kankan. Mi ò sọ nǹkan kan nígbà yẹn torí àgbà ni wọ́n. Ibí ni mo ti máa sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi Beethoven yẹn bẹ̀rẹ̀, torí òun ni gbogbo yín máa ń pè bí ẹlẹ́rìí bí ọwọ́ yín bá ti ṣì. Bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ yẹn kọ́ ló ṣe wà. Ferdinand Ries, ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní Vienna, ló sọ ìtàn kan nínú ìwé tí òun àti Wegeler jọ kọ, ìwé ọ̀hún jáde ní 1838, Beethoven ti kú láti 1827. Ries ní bí òun bá ṣi nóòtì tẹ̀, tàbí tí òun fò tí ọwọ́ ò bá a, Beethoven kì í sábà sọ̀rọ̀. Àmọ́ níbi tó bá ti yẹ kí ohùn ròkè díẹ̀díẹ̀ tí òun ò ṣe é, tàbí tí òun ò gbé ìwà orin náà yọ, inú á bí i, á ní èyí àkọ́kọ́ èèṣì ni, ìkejì ló ń fi hàn pé èèyàn ò ní ìmọ̀, tàbí kò ní ìmọ̀lára, tàbí kò fọkàn sí ohun tó ń ṣe. Ẹ padà lọ kà á. Ìmọ̀ ló kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ sì jọ̀ọ́, kí ohùn máa ròkè díẹ̀díẹ̀ láì fò sókè lójijì, kí lẹ pe ìyẹn bí kì í bá ṣe iṣẹ́ ọwọ́?

Ries yìí náà, nínú ìwé yẹn náà, ló sọ pé nígbà tí òun ń kọ́ orin píánò Beethoven kan tí wọ́n ń pè ní Variations Op. 34, Beethoven mú kí òun tún apá tó gbẹ̀yìn, èyí tó ń lọ jẹ́jẹ́, tẹ̀ ní ìgbà 17, inú ọ̀gá ò sì tíì dùn sí bí òun ṣe ṣe ibi kékeré kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ lójú Ries, òun ti ń tẹ̀ ẹ́ bíi ti ọ̀gá gan-an. Ìgbà 17! Bó bá jẹ́ ọkàn lásán ni Beethoven ń wá, ẹ̀ẹ̀kan ti tó, kí wọ́n gbàdúrà kí ẹ̀mí bà lé e, kí kálukú máa lọ ilé ẹ̀. Czerny náà ńkọ́? Ọmọ kékeré ni nígbà tí bàbá ẹ̀ mú un lọ bá Beethoven, òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé sikéèlì ni wọ́n fi gbogbo àwọn ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ṣe, sikéèlì lórí gbogbo kíì (kí ìka máa to nóòtì lọ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tún máa tò ó bọ̀ nísàlẹ̀), bí ọwọ́ ṣe gbọ́dọ̀ jókòó àti bí àtàńpàkò ṣe máa kọjá lábẹ́ ìka yòókù. Nígbà tí Czerny dàgbà tó wá ń kọ́ Karl, ọmọ àbúrò Beethoven, ọ̀gá kọ lẹ́tà sí i: kí ọmọ náà kọ́kọ́ mọ ìka tó máa lò, kó bá àkókò rìn, kí nóòtì ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tán, ìgbà yẹn ni kó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa bá a sọ̀rọ̀ nípa bí orin ṣe yẹ kó rí. Ẹlẹ́rìí yín nìyẹn o.

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn kó lọ ṣí píánò gidi wò, èyí tó ní wáyà nínú, kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù. Tó o bá tẹ kíì kan, igi tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á gbé òòlù kékeré kan dìde, òòlù tí wọ́n fi irun àgùntàn wé lórí, á máa gbé e lọ bá wáyà. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé kí òòlù yẹn tó kan wáyà, igi yẹn á ti yọ́ kúrò lábẹ́ ẹ̀. Òòlù á dá fò lọ bí òkúta tó ti kúrò nínú rọ́bà. (Bí ò bá rí bẹ́ẹ̀, ṣe ni òòlù máa lẹ̀ mọ́ wáyà tí ohùn á kú fin-ín.) Láti ìgbà tó bá ti fò, o lè dijú, o lè mi orí, o lè wo àjà bí ẹni ń rí ìran, òòlù ò mọ̀ ẹ́ rí. Ohun tó kù sí ẹ lọ́wọ́ ò ju bí òòlù yẹn ṣe yára sí, ìgbà tó gbéra, ìgbà tó o gbọ́wọ́ kúrò, àti ohun tí ẹsẹ̀ ẹ ń ṣe lórí pẹ́dàlì. Ó tán. Onígòjé lè fa ohùn kan kó máa mì ín, kó fẹ̀ ẹ́, kó tún dín in kù, akọrin náà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n onípíánò, ohùn tó bá ti jáde ti jáde, kíkú ló kù tó máa kú. Ìbànújẹ́ ẹ ì báà tó ti ẹni tí ọkọ̀ òkun rì mọ́ lọ́wọ́, ẹnu ìka ló máa gbà jáde, bí ìka ò bá sì mọ ọ̀nà, inú ẹ náà ló máa wà.

Èmi fúnra mi ti jẹ ìyà ẹ̀ rí. Mò ń kọ́ apá kejì sònátà Beethoven tí wọ́n ń pè ní Pathétique, Op. 13, èyí tó ń lọ jẹ́jẹ́ yẹn, flat mẹ́rin (ẹ̀gbọ́n, ẹ máà bínú). Ìkà ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún kan náà ló máa fi ìka tó kéré jù tẹ orin gangan lókè, tó tún máa fi àtàńpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e tẹ àwọn ohùn wẹ́wẹ́ tó ń rìn lábẹ́ ẹ̀, ọwọ́ òsì wà nídìí béèsì. Ìka tó rọ jù ni wọ́n ní kó kọrin, àtàńpàkò tó lágbára jù ni wọ́n ní kó máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìyá ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà yẹn, lọ́jọ́ kan mo jókòó tì í, mo dijú, omi ń bọ́ lójú mi, mo ní háà, lónìí yìí ó ti dé. Mo ti gbé fóònù sórí píánò kó máa gbà á sílẹ̀. Nígbà tí mo wá gbọ́ ọ, ojú tì mí! Gbì gbì gbì ni àtàńpàkò mi ń lù bí ẹni ń gúnyán, orin ti rì sábẹ́ ẹ̀, èèyàn ò lè gbọ́ ìyá àgbà kankan níbẹ̀.

Màmá tó ń kọ́ mi gbọ́ ọ, wọ́n ò tiẹ̀ bá mi dárò. Wọ́n ní, "Ta ni kí n gbọ́, ìwọ àbí àtàńpàkò ẹ?" Mo ní, "Mà, mo fi gbogbo ọkàn tẹ̀ ẹ́ o." Wọ́n ní, "Mo rí i lójú ẹ. Mi ò gbọ́ ọ ni." Wọ́n wá ní kí n máa tẹ ohùn òkè kó jáde dáadáa, kí àtàńpàkò kàn máa fọwọ́ kan kíì tiẹ̀ láì jẹ́ kó dún rárá. Ẹ lọ gbìyànjú ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó, ṣe ló dà bíi kéèyàn máa fi ọwọ́ kan lura láyà kó máa fi ìkejì pa inú, àmọ́ lórí ọwọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, ìlà kan lójúmọ́, kò sí omijé, kò sí nǹkan kan, àárẹ̀ lásán. Lọ́jọ́ kọ́ńsáàtì, ebi ń pa mí, bàtà tuntun ń há mi lẹ́sẹ̀, mi ò rántí ìyá àgbà rárá, àtàńpàkò yẹn nìkan ni mò ń ṣọ́ bí ẹni ń ṣọ́ olè lọ́jà. Mo parí, màmá kan wá dì mọ́ mi, omi lójú wọn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọkàn ẹ ló ń tẹ dùùrù yẹn, kì í ṣe ọwọ́." Mo ní ẹ ṣé mà. Kí ni kí n sọ?

Bẹ́ẹ bá ní èmi ò já mọ́ nǹkan kan, ẹ lọ wo onípíánò tí wọ́n ń pè ní Vladimir Horowitz ní Moscow, April 1986. Ó ti pé ọdún 61 tó ti kúrò ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ó ti di arúgbó ẹni 82, ó wá tẹ Träumerei, orin kékeré kan tí Schumann kọ, fún wọn. Nóòtì ibẹ̀ ò pọ̀, ọmọ tó ti kọ́ ọdún díẹ̀ lè rí gbogbo ẹ̀ kà. Kámẹ́rà yí sí àwọn tó jókòó, omijé ń ṣàn lójú ọkùnrin kan. Ẹ wá wo Horowitz fúnra ẹ̀: ó jókòó bí ẹni tó ń ka owó ní báńkì, orí ò mì, ojú ò yí padà, ìka tó tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ máa rí tó ń rìn. Ní 1992, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Bruno Repp, kó rẹ́kọ́dì Träumerei yìí jọ, 28 látọwọ́ onípíánò 24, ó wọn àkókò tó wà láàárín nóòtì kan sí èkejì. Ti Horowitz mẹ́ta wà níbẹ̀, ti Alfred Cortot mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ọdún sì ti wọ àárín wọn. Àwọn méjèèjì ló dá yàtọ̀ jù nínú gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Cortot jọ ara wọn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Horowitz jọ ara wọn. Ẹ̀mí wo ló ń bà lé èèyàn tó máa padà wá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó máa fa ibi kan náà gùn bó ṣe fà á níjọ́sí? Ohun tí wọ́n ti kọ́, tí ọwọ́ ti mọ̀, nìyẹn.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Cortot máa ń ṣì í tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń ṣì í. Cortot yìí náà ló kọ odidi ìwé nípa bí ìka ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí píánò, 1928 ló jáde, kìkì eré ìdárayá ìka ló kún inú ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pè é lẹ́rìí, mélòó nínú yín ló ti ṣe ojú ewé kan níbẹ̀? Arthur Rubinstein, onípíánò mìíràn, ńkọ́? Nígbà èwe, òun náà ń jù ú sí wọn lára, nóòtì ń já bọ́, ẹ̀rín àti ẹwà ló fi ń bò ó. Ó gbéyàwó ní 1932, ó bímọ, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n máa sọ fún ọmọ òun lọ́jọ́ iwájú pé bàbá ẹ̀ ì bá jẹ́ onípíánò ńlá, ló bá kó ara ẹ̀ nílẹ̀ lọ ṣe práktíìsì. Rubinstein tí gbogbo ayé wá mọ̀, ìyẹn lẹ́yìn práktíìsì ni. Liszt, onípíánò ayé àtijọ́ tí obìnrin ń dákú lé lórí, lẹ́tà ẹ̀ ti 1832 wà ńlẹ̀, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lójúmọ́, eré ìka lásán. Ó ti tó.

Ohun tó tún ń yà mí lẹ́nu ni pé Yorùbá ni wá. Ẹ jẹ́ kí onídùndún kan wá síbi òkú bàbá yín, kó máa fi ìtara mi orí, kí òógùn bò ó, kí ìlù ẹ̀ sì máa pe "ọkọ̀" níbi tó yẹ kó ti pe "ọkọ", ṣé ẹ máa ná an lówó pé ọkàn ẹ̀ wà níbẹ̀?

Ó dáa, mo gbà, àwọn kan wà tí ìka wọn mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ tí orin wọn sì ń múni sùn. Mi ò ní jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ẹ lọ fetí sí wọn dáadáa, ọ̀pọ̀ ìgbà gbogbo ohùn ló ga bákan náà, àtàńpàkò àti ìka kékeré ò yàtọ̀ síra, ọwọ́ yẹn náà ni kò tíì kọ́ tán.

Ohun tó sì ń ṣe ẹ̀gbọ́n wa, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ní 2013, Chia-Jung Tsay, tó ń tẹ píánò fúnra ẹ̀, tẹ ìwádìí kan jáde: ó mú àwọn tó wọ àṣekágbá ìdíje orin, ó ní kí èèyàn mọ ẹni tó gbẹ́gbá orókè nínú wọn. Àwọn tó gbọ́ ohùn nìkan ò sàn ju ẹni tó ń méfò lọ. Àwọn tó wo fídíò tí wọ́n ti pa ohùn ẹ̀ ló mọ̀ ọ́n jù, àwọn olórin tó fi iṣẹ́ orin jẹun náà wà nínú wọn o. Ojú ni wọ́n fi ń gbọ́.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe tún fídíò ọmọbìnrin yẹn gbé sétí lálẹ́ àná, mo da ojú fóònù dé sórí tábìlì kí n má bàa rí ojú ẹ̀ tí kò rẹ́rìn-ín. Ibì kan wà lápá ìparí, ó ń dín béèsì kù díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ jí ọmọ, ohùn òkè ò sì dín rárá. Mo dá a padà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbọ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ da fóònù dé bíi tèmi. Iná ti dé, ẹ jẹ́ kí n lọ bá àtàńpàkò mi.