Ojú wa kì í ṣe kámẹ́rà o

Mo ka ìròyìn kan tí ẹni tó kọ ọ́ ní bí kámẹ́rà ṣe ń ṣiṣẹ́ náà lojú wa ṣe ń rí nǹkan tó ń lọ, mi ò gbà rárá. Obìnrin kan wà ní Jámánì tí wọ́n ń pè ní L.M., onímọ̀ nípa ọpọlọ kan, Josef Zihl, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kọ nípa ẹ̀ ní 1983, ẹ̀jẹ̀ dídì ló ba ẹ̀yìn ọpọlọ ẹ̀ jẹ́ lápá méjèèjì, ó ṣì ń rí àwọ̀, ó ń dá nǹkan mọ̀, àmọ́ kò rí kí nǹkan máa rìn mọ́. Tó bá ń da tíì sí kọ́ọ̀pù, ṣe ni tíì yẹn máa dúró gbagidi lójú ẹ̀ bíi yìnyín, kò ní mọ̀gbà tó ń kún. Títì ló wá burú jù, mọ́tò tó rí lọ́ọ̀ọ́kán, kó tó ní kóun sọdá, ó ti dé iwájú ẹ̀! Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an. Ìyẹn fi hàn pé ibi tó ń bójú tó ìrìn nǹkan nínú ọpọlọ yàtọ̀, V5 ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin náà lè dán an wò kẹ́ ẹ rí i pé ojú kì í ṣe kámẹ́rà: ẹ tẹjú mọ́ omi Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà bó ṣe ń já bọ́ fún bí ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ wá wo àpáta ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, àpáta yẹn á dà bí ẹni ń gòkè, bẹ́ẹ̀ kò kúrò lójú kan.