Wákàtí kan kò tó

Wọ́n ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí kan ti tó láti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì nípa fífi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Kò tó rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ òṣùwọ̀n gbogbo lórí, kó má mọ ìdí tí a fi ń mi àpò ẹ̀jẹ̀ bó ṣe ń kún. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi mílílítà 63, ló wà nínú àpò tó ń gba 450. Bí wọn ò bá mì í pọ̀ dáadáa, ẹ̀jẹ̀ á dì, àpò yẹn di dídànù nìyẹn. Awọ apá ńkọ́? Ìṣẹ́jú àáyá 30 ni ká fi nù ún, ká dúró fún 30 mìíràn kó gbẹ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe rèé: wọ́n á nù ún tán, wọ́n á tún fìka tẹ iṣan wò! Kòkòrò ti padà débẹ̀.

Àwọn kan ní àìtó ẹ̀jẹ̀ ló ń fa òòyì tó ń kọ́ olùtọrẹ; wọ́n ṣì í. Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣan ẹ̀jẹ̀ ló fẹ̀ lójijì, tí ìlù ọkàn sì dín kù. Ìbẹ̀rù nìkan tó láti fà á. Bí òòyì bá kọ́ olùtọrẹ, tú okùn apá, yọ abẹ́rẹ́, tẹ ojú ibẹ̀, kó o gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Mímu omi bíi mílílítà 500 ṣáájú ìtọrẹ, àti fífún iṣan itan pọ̀ lórí ibùsùn, máa ń dín in kù.