Ọ̀rẹ́ inú igbó, ẹ jẹ́ kó wà nínú igbó

Èrò ọkàn mi rèé o, ẹni tó bá máa bú mi kó kọ́kọ́ kà á tán.

Tí èèyàn bá dá lọ pàgọ́ sínú igbó, tó wá pàdé àwọn tó wà níbẹ̀, tí wọ́n jọ jẹun, tí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, tí wọ́n di ọ̀rẹ́, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń túká kí wọ́n gbọn eruku ara wọn, kí kálukú gba ilé ẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má gba nọ́ńbà. Kí ẹnikẹ́ni má dá WhatsApp group sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ọ̀dájú ni mí.

Ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì ni mo ní ní Ìkòròdú níbí, lápá Agric. Ẹni tó bá ti ta oògùn rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Láti aago méje àárọ̀ ni wọ́n á ti máa rọ́ wá, èyí ní inú ń run òun, èyí ní ọmọ òun ò sùn mọ́jú, ìyá kan tiẹ̀ wà tí kì í ra nǹkan kan, ọjọ́ Tuesday ni wọ́n máa ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi láti wá ròyìn orúnkún wọn. Mo fẹ́ràn wọn o. Ṣùgbọ́n tó bá di alẹ́, tí jẹnẹrétọ̀ ọwọ́ ọ̀tún bá ń dún tí ti ọwọ́ òsì ń dá a lóhùn, tí àwọn tó ń ṣe vigil náà tún wá tan lasipíkà, ó máa ń ṣe mí bíi kí n lọ síbi tí ara ò ti ní ro ẹnikẹ́ni.

Bí mo ṣe ra tẹ́ǹtì nìyẹn. Màámi ní ṣé ilé ń jó ni. Wọ́n ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Mo ní Mà, mi ò fẹ́ jẹ́ àwá dé, "mo dé" náà ti tó mi. Wọ́n yọ ṣùtì sí mi, wọ́n ní kí n má gbàgbé ọ̀bẹ.

Old Oyo National Park ni mo lọ, nínú oṣù January. Láti gáréèjì Ìkòròdú mo gba Ṣágámù, mo bọ́ sí Ìbàdàn, láti Ìbàdàn mo dé Ọ̀yọ́, ibẹ̀ ni ọ́fíìsì àgbà wọn wà, mo tún wá gba Ìṣẹ́yìn kọjá lọ sápá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ìdí mi kú. Ẹ má sì rò pé igbó ẹ̀yìnkùlé kan ni o, 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin ni, Ìkòròdú mẹ́fà á wọ inú ẹ̀, àyè á tún kù tí wọ́n á fi gbé Mile 12 síbẹ̀. Ọdún 1991 nìjọba sọ ọ́ di national park. Kì í ṣe igbó dúdú bíi ti apá Ìjẹ̀bú, ọ̀dàn ni, igi èmí, igi igbá, koríko gíga tí ọyẹ́ ti gbẹ. January dáa torí omi á ti gbẹ káàkiri, àwọn ẹranko náà á wá máa rìn lọ sétí odò, ibẹ̀ lèèyàn á ti rí wọn.

(Kí n tó gbàgbé, ẹ má kàn gbé báàgì kẹ́ẹ máa lọ o. Ẹ pe àwọn páàkì ṣáájú, ẹ jẹ́ kí rénjà, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ igbó wọn, mọ̀ pé ẹ ń bọ̀, ibi tí wọ́n bá ní kẹ́ẹ sùn ni kẹ́ẹ sùn. Ayé ti yí padà. Pé mo dá lọ kò sọ pé mo ya wèrè.)

Ibi tí rénjà fi hàn mí, mo bá tẹ́ǹtì mẹ́ta níbẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀. Èmi tí mo rìn láti Ìkòròdú nítorí kí n má baà rí èèyàn. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn, mo bá lọ sí kọ̀rọ̀ kan lọ́ọ̀ọ́kán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í na tèmi.

Ilẹ̀ yẹn le bíi kọnkéré. Àwọn irin wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń kan tẹ́ǹtì mọ́lẹ̀, èyí tó bá tèmi wá rọ̀ bíi wáyà hángà, mo kan ìkíní ó tẹ̀, mo kan ìkejì ó tẹ̀, ìkẹta fò wọ inú koríko. Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Bàbá kan ló dúró tì mí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Abẹ́òkúta, wọ́n mú òkúta kan dání bí ẹni mú àkàrà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o kọjú ilé sí ọyẹ́." Afẹ́fẹ́ yẹn ń ti àríwá bọ̀ ni, wọ́n ní kí n yí ẹnu ọ̀nà sẹ́yìn. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta kan àwọn irin náà fún mi, wọn ò kàn án kó dúró ṣánṣán o, wọ́n ń jẹ́ kó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí orí ẹ̀ kọ̀yìn sí tẹ́ǹtì, wọ́n ní èyí tó bá dúró ṣánṣán ni okùn máa ń fà tu. A kan gbogbo ẹ̀ tán. Àfi bí Bàbá ṣe gbójú sókè tí wọ́n rí ẹ̀ka igi kan tó ti kú lókè orí mi. Wọ́n ní ó yá, ká tú u, ká sún síwájú.

Sísún yẹn ló sún mi dé àárín wọn.

Àwọn yòókù, tọkọtaya kan wà láti Ìbàdàn, ọ̀dọ́ ni wọ́n, tí wọ́n ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ jà nígbàkígbà tí wọ́n bá rò pé a ti sùn (ẹ̀yin tọkọtaya, aṣọ ni ògiri tẹ́ǹtì o). Ọmọkùnrin kan náà wà láti Ìlọrin, ẹyẹ ló ń yà ní fọ́tò, tó bá di àárọ̀ kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ nítorí àgbìgbò kan tó ń ṣọ́.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, mo wá rí i pé mo gbé ìrẹsì, mo gbé sadíìnì, mo gbé ata gígún, mi ò gbé iyọ̀. Ìyàwó Ìbàdàn fún mi ní iyọ̀, mo fún un ní sadíìnì, Bàbá ní gaàrí, Ìlọrin ní ẹyin tó ti sè, kó tó di aago mẹ́jọ ìkòkò kan ṣoṣo ló wà lórí iná. Bàbá wá ń sọ fún wa pé lókè ọ̀hún nínú páàkì kan náà ni Ọ̀yọ́-Ilé wà, tí ogun lé wọn kúrò níbẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1830, tí Aláàfin Àtìbà wá lọ tẹ ìlú dó sí Àgọ́ Ọjà, èyí tá à ń pè ní Ọ̀yọ́ lónìí. Wọ́n ní ṣé ẹ gbọ́ ọ, Àgọ́. Wọ́n yíjú sí tọkọtaya yẹn, wọ́n ní ẹ̀yin gan-an, ní 1829 bùdó ogun ni Ìbàdàn yín, àwọn tó ní àwọn fẹ́ sinmi díẹ̀ ni, wọn ò lọ mọ́. Ọkọ ní, "Bàbá, a ṣì ń sinmi náà ni." Ẹ̀rín pa mí débi tí tíì gba imú mi jáde.

Lóru, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú igi bí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn. Mo ti dé ìlàjì Sáàmù kan kí ohùn Bàbá tó wá láti inú tẹ́ǹtì wọn: "Òwàwà ni o. Ẹ sùn."

A rí ìgalà, a rí awó rẹpẹtẹ, a rí ìjímèrè kan tó gbé búrẹ́dì mi lójú mi, tó tún ń wò mí bíi pé èmi ni mo jẹ ẹ́ ní gbèsè. Mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ Ìbàdàn ki ẹsẹ̀ bọ bàtà láì gbọ̀n ọ́n. Àkéekèé. Mo ti búra fún ara mi pé mi ò ní sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnì kan ní kí wọ́n gé ojú ibẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde, mo dìde. Mo fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi aṣọ tútù lé e, mo fún un ní parasitámọ́ọ̀, mo jókòó tì í kí n lè máa wo bó ṣe ń mí, rénjà sì ti gbé mọ́tò sítòsí bó bá di ká gbé e lọ ọsibítù. Kò débẹ̀. Àmọ́ àṣírí ti tú, mo ti di Àǹtí Kẹ́mísì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìyàwó bá mi fọ abọ́ létí omi, tó sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi nípa ilé ọkọ ẹ̀ tí mi ò ní kọ síbí. Ó dá mi lójú pé kò lè sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ wọ yunifọ́ọ̀mù kan náà láti kékeré. Èmi ló sọ fún torí ó mọ̀ pé tó bá di Sunday, mo ti lọ nìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyí. Ẹ wo bọ́ọ̀sì BRT tá à ń wọ̀ láti Ìkòròdú lọ TBS, tí hold-up bá mú yín ní Ketu, ẹni tó jókòó tì yín á sọ ti ọ̀gá ẹ̀, ti ìyá ọkọ ẹ̀, ti owó tó yá tí kò tíì san, tó bá dé Maryland á ní ẹ ó dé're o, á sọ̀ kalẹ̀. Àyà ẹ̀ ti fúyẹ́. Ẹ gba nọ́ńbà onítọ̀hún, kẹ́ẹ wá wo ojú tó máa fi wò yín lọ́la.

Ìlọrin ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kí n tó dé Ṣágámù, ó ti fi mí sínú group, "Ẹbí Igbó". Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, fọ́tò. Ọ̀sẹ̀ kejì, "Good morning" pẹ̀lú òdòdó tó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí. Ọ̀sẹ̀ kẹta, aago mẹ́ta òru, wọ́n fi fọ́tò ọmọ tí nǹkan sú sí lára ránṣẹ́, "Àǹtí Kẹ́mísì ẹ jọ̀ọ́ kí la máa lò fún un", bí mo ṣe tún padà sórí bẹ́ǹṣì Agric nìyẹn o, èmi tí mo sá lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Wọ́n ti wá ń sọ̀rọ̀ àjọ báyìí. Èyí tó wá ń dùn mí jù ni ti ìyàwó yẹn. Tó bá gbé fọ́tò òun àti ọkọ ẹ̀ síbẹ̀ tí wọ́n wọ ankárá kan náà, mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn fọ́tò, òun náà mọ̀ pé mo mọ̀, ni mo bá máa ń tètè tẹ ọkàn pupa sí i kó má baà rò pé mò ń rò ó. Létí omi lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rẹ́ ni wá. Báyìí, à ń ṣọ́ra wa.

Ẹnì kan máa ní èèyàn laṣọ. Òótọ́ ni, èèyàn laṣọ mi. Ṣùgbọ́n ta ló ń wọ ṣúwẹ́tà ọyẹ́ rìn nínú oòrùn ọ̀sán ní Sabo?

Bàbá nìkan ni kò sí nínú group. Fóònù tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò, kò sì sẹ́ni tó rántí gba nọ́ńbà wọn. Nígbà tí mo ń dágbére, wọ́n ń ká tẹ́ǹtì wọn, wọn ò tiẹ̀ dìde, wọ́n kàn ní January ni àwọn máa ń wá, bí ẹ̀mí bá wà. Mi ò mọ orúkọ wọn pàápàá. Mo ti ra irin tuntun fún tẹ́ǹtì mi, èyí tó nípọn. Òòlù wà nínú ọjà náà, ọmọ tó ń tà á ń fi lọ̀ mí, mo ní kó gbé e sílẹ̀.